Ìwé Èsì Ìbò Níwájú Adájọ́

Bàbá àgbàlagbà kan nínú kíláàsì wa bi mí léèrè pé: bí èèyàn méjì bá ń jà lórí ìbò ààrẹ, kí ni adájọ́ ń wò? Ṣé yóò pe gbogbo ìlú kí wọ́n tún wá nawọ́ ni?

Rárá o, bàbá. Ìwé ni ó ń wò. Bí wọ́n bá ka ìbò tán níbi ìdìbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n a kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní sínú ìwé kan, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ a sì fọwọ́ sí i.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Màláwì, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n dìbò níbẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 2019. Wọ́n kéde pé Peter Mutharika, tó wà lórí oyè, ló wọlé. Ìbò rẹ̀ lé díẹ̀ ní 38 nínú 100. Lazarus Chakwera àti Saulos Chilima kò gbà, wọ́n gba kóòtù lọ. Adájọ́ márùn-ún ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n tú ìwé wò, wọ́n rí ọ̀dà funfun tí àwọn akọ̀wé fi ń pa àṣìkọ rẹ́: wọ́n ti fi bo nọ́ńbà, wọ́n sì kọ òmíràn lé e. Wọ́n rí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí. Orúkọ ọ̀dà náà, Tipp-Ex, ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe ìdìbò ọ̀hún.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 2020, àwọn adájọ́ wọ ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í wọ̀ wá sí kóòtù, sójà ń ṣọ́ wọn. (Iṣẹ́ adájọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ojo.) Wọ́n fagi lé ìbò náà. Wọn kò sọ pé Chakwera ló wọlé o. Wọ́n ní èsì náà kò ṣeé gbọ́kàn lé, kí wọ́n tún ìbò dì. Wọ́n tún un dì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, Chakwera sì wọlé.

Ní Benin níbí, Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀ tó wà ní Kútọnu ló ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìbò ààrẹ, òun náà ló sì ń kéde èsì.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá fi yín ṣe aṣojú níbi ìdìbò, ẹ má kàn tẹ̀ka. Ẹ ka nọ́ńbà náà, kí ẹ sì dà á kọ sínú ìwé tiyín.

Ó yá, ẹ mú síléètì yín. A ó kọ 130, lẹ́yìn náà a ó fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́: àádóje. Ó rọrùn láti sọ 1 di 4. Ta ni yóò sọ "àádóje" di "irinwó lé ọgbọ̀n"?