Àpótí Ohùn Ẹgbẹ́ Kò Bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka sọ ní ìpàdé gbogbogbòò

 

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ àpótí ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní kí a sọ ọ́ nù, kí a tún dá owó jọ ra òmíràn. Àwọn kan ní kí a má ra ohunkóhun mọ́, pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó eré. Àwa bẹ̀ yín pé kí ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà pé lónìí, ohun tí a rí ni a wá rò fún yín. A kò ní rò ó fún ti ẹgbẹ́ nìkan, nítorí púpọ̀ nínú yín ni ọmọ yín ti ń gba orin àti ìwàásù sílẹ̀ nínú yàrá báyìí. Ohun tó ṣe tiwa lè ṣe tiwọn lọ́la.

Fún àwọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a rà á: àpótí yìí kò tóbi ju Bíbélì lọ. Máìkì méjì ni a lè so mọ́ ọn níwájú, okùn USB kan ló sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Audio interface ni àwọn tó ṣe é ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ohùn lẹ́nu máìkì kí ó sọ ọ́ di nọ́ńbà, nítorí kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí ń jẹ́ ohùn, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀.

Ẹ mọ ìdí tí a fi rà á. Ìyá Àgbà dé Kánò níhìn-ín ní 1958 nínú ọkọ̀ ojú irin, oríkì ilé tó lé ní ogún ló sì wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín kò mọ ju ìlà méjì lọ nínú oríkì ara wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ki bàbá wọn, Hausa ni wọn yóò fi dá yín lóhùn. Irọ́lẹ́ méjì ni Ìyá fi jókòó fún wa ní pálọ̀ Alága, ẹnu rẹ̀ kò gbẹ. Nígbà tí a wá gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀, ariwo bí ìgbà tí àkàrà bọ́ sínú epo gbígbóná ló bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń já láàárín. Níbi tó yẹ kí a ti gbọ́ orúkọ baba ńlá ẹni, tàtàtà ni a ń gbọ́.

A gbé àpótí lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́jà. Ó gba ₦5,000 fún àyẹ̀wò, ó ní àpótí ti kú, ó ní òun ní òmíràn tí òun lè tà fún wa. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni òun náà gbà á gbọ́, a kò ní pè é ní olè. Ṣùgbọ́n kò fi àpótí náà sí kọ̀ǹpútà mìíràn wò, ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ wà. Àwa náà kò sì béèrè, ibẹ̀ ni tiwa wà.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe nínú ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni pé a yá láptọ́ọ̀pù ọ̀dọ́mọkùnrin kan, a so àpótí mọ́ ọn. Ohùn jáde ketekete. A kò tíì mu omi tí a fi mọ̀ pé àpótí kò kú. Ẹni tí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀. Kí ó yí okùn USB padà pẹ̀lú, nítorí okùn kan wà tí wọ́n ṣe fún fífi iná sí fóònù nìkan, kò lè gbé nọ́ńbà kankan kọjá.

Bí àpótí bá dára, tí kọ̀ǹpútà náà sì dára, ta ló kù? Ẹni tó wà láàárín wọn ni. Dráìfà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe dẹ́rẹ́bà tí ń wa ọkọ̀ lọ sí Zaria. Ògbufọ̀ ni. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí tí ẹ kò gbọ́ èdè. Ọjà wà lọ́wọ́ yín, owó wà lọ́wọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ bá burú, ọjà kò ní tà. Bí ògbufọ̀ bá sì jẹ́ méjì tí àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ pọ̀, kí ẹ kúkú palẹ̀ ẹrù mọ́ kí ẹ máa lọ ilé.

Windows ní ògbufọ̀ tirẹ̀ tó wà fún gbogbo ayé. Láti 2017 ni Windows 10 ti ní èyí tó gbọ́ USB Audio 2.0, èdè tí púpọ̀ nínú àwọn àpótí òde òní ń sọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe àpótí náà sì lè ṣe ògbufọ̀ tirẹ̀, tó mọ àpótí náà dunjú. Irú èyí tí àwọn olórin ń wá ni èyí tó ní ASIO, ìlànà kan tí ilé-iṣẹ́ Steinberg ti Hamburg ní Jámánì gbé jáde ní 1997, kí ohùn lè gba ọ̀nà tààrà láìdúró lọ́dọ̀ àwọn asọ́bodè tó wà nínú Windows. Àwọn tí ń lo Mac kì í ní wàhálà yìí púpọ̀, Core Audio ti wà nínú tiwọn láti ilé. Ṣùgbọ́n iye owó Mac, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, tòkunbọ̀ tí gbogbo yín mọ̀, ògbufọ̀ méjì ni a bá. Ọ̀kan ni ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe àpótí, ṣùgbọ́n ó ti gbó. Èkejì ni ASIO4ALL, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa fi síbẹ̀ láti ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ náà kò ṣe búburú. Ohun tó dára ni fún àpótí tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe ASIO fún, ṣùgbọ́n tiwa ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo ti ilé rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ Start, kí ó ṣí Device Manager, kí ó wo abẹ́ ibi tí wọ́n kọ Sound, video and game controllers sí. Bí ó bá rí àmì pupa rúsúrúsú onígun mẹ́ta lára orúkọ àpótí rẹ̀, ògbufọ̀ ń ṣàìsàn. Bí ó bá bá a lábẹ́ Other devices, kò sí ògbufọ̀ rárá. Bí kò bá sì rí nǹkan kan níbì kankan, kí ó padà sídìí okùn.

A yọ àpótí kúrò lára kọ̀ǹpútà. A yọ ògbufọ̀ méjèèjì kúrò nínú rẹ̀. A pa kọ̀ǹpútà, a tún un tàn. Kí ẹnikẹ́ni má fo èyí, àwa fò ó nígbà àkọ́kọ́, àtàárọ̀ ṣúlẹ̀ ọjọ́ kan ló gbà wá. Lẹ́yìn náà ni a lọ sí ojú-ewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe àpótí náà gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti àwọn tí ń fi dráìfà tọrọ owó, a fa tuntun wálẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn àpótí yín dáadáa kí ẹ tó fà á, nítorí orúkọ kan náà lè ní ìran kìíní, ìkejì àti ìkẹta, dráìfà ọ̀kan sì lè má gba èkejì. A jẹ́ kí ó wọlé tán, ìgbà tó sọ pé kí a so àpótí ni a tó so ó, ojú ihò ara kọ̀ǹpútà gan-an ni a sì so ó mọ́, kì í ṣe ara ohun tí a fi ń pín USB. Nínú Reaper tí a fi ń gba ohùn, a ṣí Options, Preferences, Audio, Device, a yan ASIO, a yan orúkọ àpótí.

Ariwo àkàrà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Èyí ló wá mú wa dé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Ẹ wo alábàárù tí ń já ẹrù lára lọ́rì wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Bí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá kéré, yóò máa sáré lọ sáré bọ̀. Ẹrù àkọ́kọ́ yóò tètè dé, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dá a dúró lọ́nà, ẹrù yóò kún ilẹ̀ nídìí lọ́rì, èyí tó bá bọ́ sí kòtò ti sọnù. Bí apẹ̀rẹ̀ bá tóbi, ẹrù yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ìdádúró díẹ̀ kò ní ba nǹkan jẹ́. Apẹ̀rẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní buffer. Tiwa wà ní 64. Kọ̀ǹpútà wa ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí ẹ bá pín 64 sí 48,000, alábàárù ní láti padà dé kí ìdá kan àti díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá. Tòkunbọ̀ wo ló lè sáré bẹ́ẹ̀? A gbé e sí 1024, ìyẹn nǹkan bí ìdá mọ́kànlélógún nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹni tí ń kọrin tí ó sì fẹ́ gbọ́ ara rẹ̀ nínú hẹ́dífóònù láti inú kọ̀ǹpútà yóò kérora pé ohùn òun ń pẹ́ dé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbìyànjú 128 tàbí 256. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ki oríkì kò nílò hẹ́dífóònù. Apẹ̀rẹ̀ ńlá ló yẹ ẹ́.

Ta ló wá ń dá alábàárù dúró? Ètò kan wà tí ń jẹ́ LatencyMon tó ń tú àṣírí. Ó fi hàn wá pé dráìfà Wi-Fi ni. A pa Wi-Fi kí a tó gbohùn, kẹ́kẹ́ pa.

Ohun mìíràn tó fara jọ àìsàn àpótí: bí àpótí bá ń ka 48,000 tí ètò ìgbohùnsílẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí 44,100, ọ̀rọ̀ wákàtí kan yóò di ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́rin, ohùn yóò sì wálẹ̀. Ohùn ìyá kan di ohùn bàbá báyìí nígbà tí a ń dán an wò, ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà méjèèjì bára mu.

Bí ó bá jẹ́ pé ògbufọ̀ Windows ni ẹ ń lò, tí gbogbo nǹkan pé, tí ohùn kò sì wọlé rárá, ẹ wo ibi tí Windows ti ń gba àṣẹ máìkì, nínú Settings, lábẹ́ Privacy. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tì í. Bí àpótí bá ń parẹ́ láàárín iṣẹ́ tí ó sì ń padà wá, ẹ padà sí Device Manager, ẹ wá USB Root Hub, ẹ ṣí Power Management, ẹ yọ àmì kúrò níbi tí wọ́n ti fún kọ̀ǹpútà láṣẹ láti pa á kí iná má baà tán. Bí ó bá ń hùn hùùù, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ lo bátìrì. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ iná tàbí jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ má fi ìyà jẹ dráìfà. Máìkì tó nílò 48V kò ní sọ̀rọ̀ bí ẹ kò bá tẹ bọ́tìnnì 48V ara àpótí. Àwa kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ, a sì ṣe gbogbo èyí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì ni.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tó ṣòro sọ. Oṣù mẹ́ta ni àpótí yìí fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Alága nígbà tí a gbà pé ó ti kú. Inú oṣù kejì ni Ìyá Àgbà papò dà, ẹ̀yin náà bá wa sin ín. Ohun tí alábàárù ti jẹ́ kó bọ́ kò sí nínú apẹ̀rẹ̀, kò sí dráìfà tó lè dá a padà. A tẹ́tí sí irọ́lẹ́ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ló mọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbọ́ ọ ní Ọjọ́bọ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí a tún un fi sí i.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìpàdé yìí kò pọ̀. Kí ẹ má dá owó àpótí tuntun. Kí a fi díẹ̀ nínú owó tí ẹ ti dá ra háàdì méjì tí a ó máa da ohùn kọ sí, ọ̀kan yóò wà lọ́dọ̀ Alága, ọ̀kan lọ́dọ̀ Ìyálóde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wa yí Windows inú kọ̀ǹpútà náà padà láìsọ fún wa. Òtítọ́ ni pé Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe Windows 10 fún gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ àpótí ti ṣe dráìfà fún Windows 11, àti bóyá tòkunbọ̀ wa lè gbé e.

Bàbá wa láti Ọ̀fà ti gbà láti jókòó fún wa ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́. Àwọn ìyá méjì láti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò tẹ̀lé e ní Sátidé kejì. Kí àwọn aládùúgbò Alága jọ̀wọ́ bá wa pa jẹnẹrétọ̀ wọn fún wákàtí kan péré. Ẹni tó bá fẹ́ yá àpótí fún ìgbéyàwó tàbí òkú, ìwé wà lọ́wọ́ wa, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì dá okùn rẹ̀ padà pẹ̀lú.