Omi Mímọ́ Ni Ẹ̀fọn Ibà Pọ́njú Ń Fẹ́

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ òjò, Ṣómólú àti Bàrígà

   

Ìyálọ́jà ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀fọn. Mo rí àwọn kan tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí ló kan ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, nígbà tí owó ìsọ̀ àti owó ọkọ̀ ń dà wá láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi létí yín díẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn wolé-wolé kọ́ wa, àti ohun tí ojú mi rí nínú ọjà yìí, òun ni mo fẹ́ sọ.

Orí ara mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní àsìkò òjò èṣí, a pín ọjà sí ìlà-ìlà. A fi obìnrin méjì sí ìlà kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n máa yẹ omi wò láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí a tó ṣí ìsọ̀. Èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ mi kọ òfin náà: ẹni tí a bá bá tanwíjí nínú omi rẹ̀, á san owó ìtanràn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n dé ìsọ̀ mi. Mo dúró, mo kówọ́ sí ìbàdí, ọkàn mi balẹ̀. Ṣebí mo ti fi pákó bo dúrọ́ọ̀mù mi. Èyí tó kéré nínú wọn, ọmọ tó ń ta ata, ní, “Ẹ má bínú, Mà, ẹ jẹ́ kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí i.” Ó tan án. Háà! Tanwíjí ń jó nínú omi mi bí ẹni pé wọ́n wà lóde ìyàwó. Àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó yẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń gbà wọlé.

Ojú tì mí. Àwọn kan ní akọ̀wé ni, kí wọ́n fojú fò ó. Mo ní rárá o. Mo sanwó, mo sì kọ orúkọ ara mi sínú ìwé. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi níbí, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá wò ó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé omi yẹn mọ́. Omi tí mo ra lọ́wọ́ mẹ́ruwà ni, kò rùn, kò dọ̀tí. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà gbọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. A máa ń rò pé gọ́tà àti ọ̀sà ló ń bí gbogbo ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó ń gbé ibà lásán kiri, alẹ́ ló ń jẹni, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ká máa sùn nínú àwọ̀n. Èyí tó ń kún inú gọ́tà dúdú, òun náà ń jẹni lálẹ́, kì í jẹ́ ká sùn. Ṣùgbọ́n ìkẹta wà. Ó dúdú, ó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀ àti lára. Ọ̀sán gangan ló ń jẹni, pàápàá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a bá jókòó ti ọjà wa. Omi mímọ́ tó dúró sójú kan ló fẹ́: dúrọ́ọ̀mù, ìkòkò, bọ́kẹ́ẹ̀tì, taya. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri.

Ibà pọ́njú kì í ṣe ẹgbẹ́ ibà tí a ń fi àgbo lé lọ. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á. Ara á gbóná, orí àti ẹ̀yìn á máa fọ́, èèyàn á máa bì. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan, ara ọ̀pọ̀ á yá. Ṣùgbọ́n ó máa ń padà sára àwọn kan. Ojú á pọ́n bí epo, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde lẹ́nu tàbí nímú. Nínú àwọn tó bá dé ibẹ̀, bí ìdajì ló ń kú. Títí di òní, kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò yẹn lára èèyàn. Ìtọ́jú ni wọ́n ń fún ènìyàn ní ọsibítù kí ara fi lè bá a jà. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tètè gbé ẹni tí ojú ẹ̀ bá pọ́n lọ sí ọsibítù. Ẹ má jókòó tì í nílé o.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Ní 1925, àwọn dókítà Rockefeller Foundation láti Amẹ́ríkà wá jókòó sí Yábàá, níbi tí kò jìnnà sí wa yìí, láti wádìí ibà pọ́njú. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà báyìí. Asibi yè é. Dókítà Adrian Stokes tó wà nínú iṣẹ́ náà kó àìsàn yẹn, ó sì kú nílùú Èkó níbí ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Láti ara kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa títí di òní.

Ní 1987, ibà pọ́njú jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn tí ìjọba kọ sílẹ̀ lé ní 800, àwọn tó kú nínú wọn lé ní 400. Ẹ̀fọn inú ilé yìí kan náà ló gbé e kiri, èyí tó ń pamọ nínú omi tí àwọn èèyàn tọ́jú pamọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, ó tún yọjú sára ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 kan ní Ifẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwara, kó tó tàn dé ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ọmọ ọdún méje! Ta ló mọ èyí tó máa kàn?

Àwọn àgbà rántí wolé-wolé ayé àtijọ́. Tí wọ́n bá wọlé, inú ìkòkò omi ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó wo gọ́tà. A máa ń sá fún wọn, àṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe ní Havana, ní orílẹ̀-èdè Cuba, ní 1901. Wọ́n wọ ilé dé ilé, wọ́n ń bo omi, wọ́n ń da èyí tí kò wúlò nù, kí ọdún yẹn sì tó parí, ibà pọ́njú ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dá Sátidé ìmọ́tótó sílẹ̀ fún wa. Gbogbo wa ń kó gọ́tà, kó dára, ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù wà nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò wò ó. Ní 2016, ìjọba Èkó fòpin sí òfin má-rìn ọjọ́ Sátidé yẹn. Ó kù sọ́wọ́ wa.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní, “Akọ̀wé, owó la fi ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ṣé ká dà á nù ni?” Ìbéèrè tó dáa ni, torí ó dun èmi náà. Èsì rẹ̀ rèé: a ò ní kẹ́ ẹ da omi nù. Ẹ lò ó tán ní Ọjọ́rú, ẹ fi èyí tó kù fọ ìsọ̀ àti abọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ inú dúrọ́ọ̀mù dáadáa kẹ́ ẹ tó pọn tuntun. Ara dúrọ́ọ̀mù ni ẹ̀fọn ń lẹ ẹyin mọ́, lókè omi díẹ̀. Ẹyin yẹn lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kó má kú. Tí omi bá ti kàn án, á pa. Ẹni tó kàn da omi nù láì fọ dúrọ́ọ̀mù, kò tíì ṣe nǹkan kan. Láti ẹyin títí dìgbà tí ẹ̀fọn á fò, ó máa ń tó ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ìdí tí a fi mú Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, kí wọ́n má ráyè hu ìyẹ́. Kẹ́ ẹ wá fi àwọ̀n tàbí aṣọ tín-ín-rín bo ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ fi rọ́bà taya so ó le. Pákó nìkan ò tó, mo ti san owó ẹ̀kọ́ yẹn.

Àwọn nǹkan mìíràn tí a rí nínú ọjà rèé:

Tapólì orí ìsọ̀. Tí òjò bá dá, ẹ fi igi tì í sókè kí omi dà kúrò.

Taya tí a fi ń dá agboòrùn dúró. Omi ń wà nínú rẹ̀. Ẹ dí i tàbí kẹ́ ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀. Ẹ bá àwọn fọkanáísà ẹgbẹ́ ọ̀nà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n kó taya wọn sábẹ́ òrùlé.

Èèpo àgbọn, ìkarahun ìgbín, agolo, àti abọ́ tó fọ́. Ẹ kó wọn sínú àpò ìdọ̀tí lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tó ń ta ẹja ààyè, ẹja ń jẹ tanwíjí, èyí tí ẹja wà nínú rẹ̀ kì í ṣe wàhálà. Èyí tí ẹja ti tán tí omi ṣì wà ńbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má da Sniper sínú omi. Májèlé ni. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà láti 2019.

Àwọn kan ní ká kàn kọ̀wé sí káńsù kí wọ́n wá fín èéfín. A lè kọ̀wé, káńsù Ṣómólú wà, káńsù Bàrígà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 náà wà. Ṣùgbọ́n èéfín, èyí tó ń fò ló ń pa. Kò dé ọ̀dọ̀ tanwíjí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù yín, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn mìíràn ti hu ìyẹ́. Ẹ̀fọn yìí kì í fò jìnnà. Agbègbè ibi tí wọ́n ti bí i ló ti ń jẹun. Èyí tó ń jẹ yín nínú ìsọ̀, kì í ṣe láti Ìlàjẹ tàbí láti ọ̀sà ló ti wá. Láti inú omi yín tàbí ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Láti 2004 ni wọ́n ti ń fún ọmọ tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án ní ọ̀fẹ́ ní ìléeṣẹ́ ìlera ìjọba. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó sì tó fún gbogbo ayé ẹni. Ẹ lọ wo káàdì àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ yín lálẹ́ òní.

Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Àwọn obìnrin ìlà ti rẹ̀, torí a ń bú wọn. Àwọn kan ń pè wọ́n ní alámí. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló bá tanwíjí nínú omi akọ̀wé, kò sì bẹ̀rù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni ǹ bá máa sin ẹ̀fọn fún gbogbo ọjà. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká gbà pé Ọjọ́bọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí títí òjò yóò fi dá, kí owó ìtanràn sì wà fún olórí àti ọmọ lẹ́yìn bákan náà. Ẹni tó bá gbà, kó nawọ́ sókè.

 Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ lọ tan tọ́ọ̀ṣì sínú dúrọ́ọ̀mù yín kẹ́ ẹ tó lọ sílé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi owó ọjà ra aṣọ òkú ọmọ. 

Èmi ni Akọ̀wé Ẹgbẹ́.