Owú àti Ọmọ Owú

Ọmọ owú ni Yorùbá ń pe òòlù alágbẹ̀dẹ. Ìyá rẹ̀ ni owú, irin ńlá tí ó ń fara gba gbogbo lílù kí irin gbígbóná tó di ọkọ́ tàbí àdá. Ní ààfin Ilé-Ifẹ̀, irin kan wà tí a ń pè ní Ògún Ládìn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní owú Ládìn, alágbẹ̀dẹ Odùduwà, ni. Ojúbọ ni ó dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí alágbẹ̀dẹ abúlé bá kú, a lè fi ìwọ̀n ta owú rẹ̀ bí irin àlòkù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àgbẹ̀dẹ, kí wọ́n fọwọ́ kan owú, kí wọ́n mọ ẹwìrì àti ẹ̀mú. Bí owú bá ti lọ, ọmọ owú di ọmọ òrukàn lẹ́nu wa.