Oúnjẹ Ọmọ àti Egungun Ẹsẹ̀ Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Gangare)

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò gùn. Ọ̀rọ̀ ikùn ni.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ lè yó kí ebi sì máa pa egungun rẹ̀. Nínú ìlú Jos yìí gan-an ni a ti rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, tàbí tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń gbá ara wọn. Àwọn kan a ní ó tètè rìn ni. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Rickets ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ní ilẹ̀ òyìnbó, àìrí oòrùn tó ló sábà ń fà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé oòrùn wọ́n wa ní Jos?

Dókítà Tom Thacher ti ilé ìwòsàn Yunifásítì Jos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí lára ọmọ 123, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999. Kálísíọ̀mù tí egungun fi ń le ni àwọn ọmọ náà kò rí jẹ tó. Nǹkan bí mìlígíráàmù 200 péré ni lóòjọ́. Wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ̀mù, wọ́n fún àwọn kan ní fítámìn D, èyí tí oòrùn ń fún ni, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba kálísíọ̀mù nìkan ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn tán. Nínú àwọn tó gba fítámìn nìkan, 19 ni.

Àgbàdo kò ní kálísíọ̀mù tó, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ara rí ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ lò. Ọmọ tó mu ògì láàárọ̀, tó jẹ túwó àgbàdo lọ́sàn-án, tó tún jẹ ẹ̀kọ lálẹ́, àgbàdo ló jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúkọ ló yí padà, oúnjẹ kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Àwa bàbá jẹ̀bi. Ẹja tiwa, ẹran tiwa, omi ọbẹ̀ ni ti ọmọ. A ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Àwa tí egungun wa ti gbó ń jẹ ohun tí egungun ọmọ fi ń dàgbà!

Àtúnṣe rẹ̀ kò jìnnà. Ní 2015, Dókítà Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ tegungun-tegungun ń wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn. Àwa tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin wá mọ lúrú, tí àwọn Haúsá ń pè ní kuka. Kálísíọ̀mù pọ̀ nínú ewé náà. Wàrà àwọn Fúlàní dára pẹ̀lú, bí a bá sè é kó hó. Ẹ fi ẹ̀wà àti ẹyin kún un, kí ara ọmọ lè dàgbà. Ẹ fi ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì kún un, kí ara rẹ̀ lè kọ àìsàn. Wọ́n ń kó kárọ́ọ̀tì Jos lọ sí Èkó. Kò yẹ kí àwa tó wà lẹ́nu oko rẹ̀ máa wò ó lásán.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan lọ ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ kúnná, kí a máa bù ú sínú ọbẹ̀ ọmọ lójoojúmọ́. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń tẹ̀, ẹ má di igi mọ́ ọn, ẹ má sì dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ọmọ wa kò ní yàrọ o.