Ọmọkùnrin Òṣoogùn àti Ìbéèrè Mẹ́ta

(Ìró ìgbì omi. Ìró ẹsẹ̀ lórí pákó ọkọ̀.)

Oṣù kẹrin ọdún 1822 ni. Ọmọdékùnrin mẹ́fà dúró pọ̀ lórí Myrmidon, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ara wọn ń gbọ̀n. Ọkọ̀ àwọn Potogí tó kó wọn lẹ́rú láti Èkó ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Òmìnira ti dé, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀. Wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀ nínú ọkọ̀, awọ rẹ̀ funfun, wọ́n ní ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta ìbọn àgbá tí wọ́n tò jọ, wọ́n ní orí ènìyàn ni. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ibẹ̀, tí wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹran náà, ni ọkàn wọn tó rọ̀ díẹ̀.

Àjàyí ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ń jẹ́.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n sí Samuel Àjàyí Crowther, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ní 1864. Ètò òní kò bá ti oyè náà wá. Ọmọ tó ti jáde nínú ewu, tí ewu kò tíì jáde nínú rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó fi irú àìsàn yìí sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀: kí ohun tó ti kọjá máa padà wá lójú oorun, kí ariwo kékeré máa já ènìyàn láyà, kó máa yẹra fún gbogbo ohun tó lè rán an létí. Ọgbẹ́ ọkàn ni àwọn Yorùbá tó ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìjọ ń pè é. Orúkọ náà bá a mu, nítorí bí ojú ọgbẹ́ bá jiná lókè tí ọyún ṣì wà nísàlẹ̀, ẹni tó ń jẹ̀rora ló mọ̀.

Ní 2004, ìwé kan jáde ní Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, fún àwọn ìjọ tí ogun ti fọ́ ìlú wọn. Kò kọ́ pásítọ̀ bí yóò ṣe wàásù fún ẹni tó fara gbọgbẹ́. Bí yóò ṣe gbọ́ tirẹ̀ ló kọ́ ọ, ìbéèrè mẹ́ta ló sì fún un: Kí ló ṣẹlẹ̀? Báwo ló ṣe rí lára rẹ? Èwo ló le jù fún ọ nínú rẹ̀? Lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn á kọ ẹkún tiwọn sílẹ̀ fún Ọlọ́run, bíi ti inú Sáàmù, wọ́n á sì kọ ìrora wọn sínú ìwé, wọ́n á gbé e wá síbi àgbélébùú.

Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, Àjàyí ti dáhùn wọn kí ẹnikẹ́ni tó kọ wọ́n sínú ìwé.

(Ìró gègé lórí bébà.)

Oṣù kejì ọdún 1837 ni, nígbà tó ń ṣe tíṣà ní Fourah Bay, nílẹ̀ Sàró. Ó kọ lẹ́tà sí akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ bí ogun ṣe kó Òṣoogùn, ìlú rẹ̀. Wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ ni, bí aago mẹ́sàn-án, tí ariwo sọ pé ogun dé. Bàbá rẹ̀ sáré wá sílé láti ojú ìjà, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà síbi ìjà. Àjàyí kò fojú kàn án mọ́. Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n kó okùn sí wọn lọ́rùn bí ìgbà tí ènìyàn ń da ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin kan. Ní Èkó, ẹ̀wọ̀n gígùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi so ọkùnrin àti ọmọdé lọ́rùn pọ̀. Bí inú bá bí àwọn àgbà tí wọ́n fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn àwọn ọmọ ló ń jẹ ẹ́.

Kò fi bó ṣe rí lára rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó gbìyànjú lóru, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, láti fi ọ̀já gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni kò gbà á. Olùkọ́ tí ìjọ gbójú lé ló kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgboyà ńlá ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka lẹ́tà náà á sì rí ohun tó le jù fún un: kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, ìyapa òun àti ìyá rẹ̀ ni.

Orúkọ méjì ló sọ ọjọ́ tí wọ́n kó o lẹ́rú. Ó pè é ní ọjọ́ ibi, nítorí ọjọ́ náà ló kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ó tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí ọ̀nà ọjọ́ náà ló gbà dé ibi tó ti gbọ́ ìhìnrere. Kò fi èkejì pa èkíní rẹ́. Ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 15 lẹ́yìn ìtúsílẹ̀ kó tó kọ ọ́.

Lónìí, bí ẹni tí àwọn agbébọn jí gbé bá padà délé, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé máìkì lé e lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kó wá jẹ́rìí. Ìjọ á pariwo Halelúyà. Tó bá di òru, ọ̀kadà kan á kọjá, onítọ̀hún á fò dìde lórí ibùsùn, òógùn á bò ó. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún? Ìjẹ́rìí dára, ọpẹ́ sì yẹ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n fi orin ìdúpẹ́ dí ẹni tó fẹ́ sunkún lẹ́nu. Bíbélì Yorùbá, tí Crowther ṣe aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, tó sì parí ní 1884, ní odindi ìwé kan tó ń jẹ́ Ẹkún Jeremáyà. Kò sì sí ohun tó ní kí ẹni tí oorun kọ̀ lójú rẹ̀ má lọ rí dókítà.

(Ohùn ọjà láti òkèèrè, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

Ní 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, Àjàyí ti di àlùfáà, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wọ Abẹ́òkúta. Obìnrin àgbàlagbà kan wá a wá, àti arákùnrin Àjàyí kan. Afálà ni, ìyá rẹ̀. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀, omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà tó ti rù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi ń kẹ́ ẹ ní Òṣoogùn, ìyá àgbà tó ti kú sóko ẹrú. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn.

Àjàyí kọ ìyẹn náà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀.

Ìyá náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 5 oṣù kejì ọdún 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Abẹ́òkúta. Wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì, obìnrin tó sunkún ní Ṣílò títí àlùfáà fi rò pé ọtí ló ń pa á.