Ọkọ̀ Oníyàrá Tàbí Ọkọ̀ Gbalasa: Èwo Ni Kí Ẹgbẹ́ Rà?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ọ̀jọ́ta

 

Nígbà tí akọ̀wé yín fi ìwé ránṣẹ́ sí wa, a kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ fẹ́ fi lára owó rẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè máa wọ̀ ọ́ lọ ṣe fàájì ní etíkun Tarkwa Bay nígbà ọdún, kí ẹgbẹ́ sì máa fi háyà fún àwọn ẹlòmíràn láti pa owó. Èrò náà kò burú. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Máìlì 12 láti ìdájí títí di alẹ́, ìgbádùn tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ fẹ́ ná kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó ẹni tí ó ń ta tòmátò wà nínú rẹ̀, owó ẹni tí ó ń ta ọsàn ní Kétu náà sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a jọ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé.

Oríṣi ọkọ̀ méjì ni ìgbìmọ̀ yín dárúkọ. Èkíní ni ọkọ̀ gbalasa, ọkọ̀ fáíbà tí kò ní òrùlé, tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí rẹ̀, tí ó ń sáré bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Èkejì ni ọkọ̀ oníyàrá, tí ó ní ògiri, fèrèsé àti ilẹ̀kùn, tí àwọn èrò ń jókòó sínú rẹ̀.

Ọkọ̀ gbalasa ní àǹfààní tirẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì lè rìn níbi tí omi kò jìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sà Èkó kò jìn púpọ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi kò ju nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ lọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò le, nítorí pé a lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Awakọ̀ ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀yìn. Bí ewu bá dé, kò sí ẹni tí yóò máa wá ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa pa èrò, òjò a máa pa wọ́n, eré tí ó ń sá sì ń jẹ epo pẹtiróòlù bí iná ti ń jẹ koríko ọyẹ́. Bí ó bá pàdé ìgbì tí ọkọ̀ ńlá dá sílẹ̀ ní ọ̀nà èbúté Àpápá, ó lè ju ènìyàn sínú omi. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹrin ọdún 2021, òfin ti pàṣẹ pé kí awakọ̀ irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ máa lo okùn tí yóò pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bí awakọ̀ bá ṣubú kúrò ní àyè rẹ̀. Okùn kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ yí padà wá gun ẹni tí ó wà nínú omi.

Ní ti ọkọ̀ oníyàrá, òjò kò ní pa ìyá arúgbó nínú rẹ̀, ọmọ ọwọ́ yóò sùn, oúnjẹ kò sì ní tutù. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó wúwo, ìdí rẹ̀ sì máa ń wọ inú omi ju ti ọkọ̀ gbalasa lọ. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá wà nínú ikùn ọkọ̀, tí ó sì ń lo pẹtiróòlù, ooru epo lè kó jọ sísàlẹ̀, nítorí pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìtapára iná kékeré kan tó láti mú un gbiná. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fẹ́ ibẹ̀ dáadáa kí a tó tan ẹ́ńjìnnì. Èéfín ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú lè wọ inú yàrá tí a tì pa, májèlé tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì ní òórùn tí ènìyàn yóò fi mọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé bí ọkọ̀ náà bá dojú dé, ẹni tí ó wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì nínú yàrá yóò léfòó lọ lẹ̀ mọ́ òkè, kò sì ní rọrùn fún un láti mòòkùn gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọkọ̀ oníyàrá tí ó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí fèrèsé rẹ̀ kò sì ṣeé ṣí, ẹ má ṣe bá wọn ná an rárá.

Nígbà tí a bá ìgbìmọ̀ yín jókòó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ pé, “Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ ni a ń wá lọ sí ojú omi. Ta ni ó fẹ́ lọ jókòó sínú àpótí?” Ìyá kan dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ìwọ kò tíì gbé ọmọ-ọmọ mọ́ àyà kí òjò ká ọ mọ́ àárín ọ̀sà.” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre.

Níbẹ̀ ni ẹnì kan ti mú ìmọ̀ràn kẹta wá: kí a ra ọkọ̀ gbalasa tí ó dínwó, kí a sì pe káfíńtà àti wẹ́dà láti kan òrùlé àti ògiri sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èyí ni ó bà wá lẹ́rù jù. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan fún yín. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ fàájì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ethan Allen dojú dé ní adágún Lake George ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jáde fún ìgbádùn ni wọ́n wà nínú rẹ̀, èrò 47; 20 nínú wọn kú. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé wọ́n ti yọ òrùlé aṣọ ọkọ̀ náà, wọ́n sì fi òrùlé igi rọ́pò rẹ̀, láìtún ọkọ̀ náà wọ̀n. Síwájú sí i, pọ́n-ùn 140 ni wọ́n fi ń ṣírò ìwọ̀n ènìyàn kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àṣẹ sọ pé èrò 48 ni kí ó gbé. Àwọn olùwádìí ní 14 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ẹrù orí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dúró. Ẹni tí ó bá ti ru agbọ̀n tòmátò rí mọ ohun tí a ń wí: bí ẹrù bá ga lórí, ìkọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó.

Kí ni ìmọ̀ràn wa, nígbà náà? Ìkíní, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ kíkan òrùlé. Èkejì, ẹ má tíì ra ọkọ̀ kankan. Ẹ háyà ọkọ̀ oníyàrá àti ọkọ̀ gbalasa fún ọdún kan, kí akápò máa kọ owó epo, iye èrò àti èrè ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Bí ọdún bá yí po, ìwé yóò bá wa sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ìyá àti ọmọdé ni wọ́n pọ̀ jù nínú èrò yín, ọkọ̀ oníyàrá tí a kàn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó, ni a ó fọwọ́ sí. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè béèrè lọ́la. Èrè tí gbogbo ìpàdé bá yà sọ́tọ̀ ni kí ẹ ná, kí owó adójútòfò sì wà nínú ìṣirò láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀kẹrin, láti ìgbà Rochdale ní ọdún 1844 ni ó ti jẹ́ òfin wa pé ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ nìkan ni yóò pinnu èyí.

Yálà ọkọ̀ onílé ni tàbí ọkọ̀ háyà, kí àwọn LASWA, aláṣẹ ojú omi Ìpínlẹ̀ Èkó, ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí èrò má ṣe pọ̀ jù. Kí oníkálùkù wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Kí a sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé wọ́n ti fi òfin de ìrìn-àjò alẹ́. Ẹ wo àwọn ará Agboyi tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ sọdá sí Kétu. Ọmọdé wọn mọ̀ pé a kì í dìde jó nínú ọkọ̀.

Alájẹṣẹ́kù ni orúkọ wa. Ẹni tí ó jẹ tí ó ṣẹ́ kù ni ó lè padà wá jẹ lọ́la. Kí owó wa ṣẹ́ kù, kí àwa fúnra wa náà sì ṣẹ́ kù láti ná an.