Kí A Tó Ra Bátìrì Tuntun

Ẹ̀yin ará wa ní Aiyétòrò-Gbẹdẹ, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ̀yin awakọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ wọn, okun o!

Bí a ti ń kí ara wa níhìn-ín nìyẹn. Okun, agbára, ni à ń tọrọ fún ara wa. Ọkọ̀ pẹ̀lú nílò okun kí ó tó lè dìde ní òwúrọ̀, inú bátìrì ni okun náà sì wà. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. A ní ọkọ̀ àtijọ́ kan. Bí a bá ń wà á lójoojúmọ́ lọ sí Kàbà, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá sinmi fún ọjọ́ márùn-ún, ó parí, kò ní ṣíná mọ́. A ra bátìrì tuntun. Kò pẹ́, ìyẹn náà kú. A tún ra òmíràn. Ní òru ọjọ́ kan, aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà: ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. A sáré dé ìdí ọkọ̀, a yí kọ́kọ́rọ́. Ó dún “tẹ̀,” ó dákẹ́. Ọkùnrin mẹ́fà ló tì í kí ó tó ṣíná. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n ojú tì wá. Owó bátìrì méjì ti lọ, a kò sì tíì mọ àrùn tó ń ṣe ọkọ̀.

Ẹ̀yin ará, bátìrì dà bí ìkòkò omi inú ilé. Ẹ̀rọ kan wà lára ẹ́ńjìnì tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní alternator. Òun ni ọmọ tí ń pọn omi sínú ìkòkò. Sítátà, iná iwájú, fèrè àti rédíò ni ń bu omi mu. Bí ìkòkò bá gbẹ, ohun mẹ́ta ló lè fà á. Bóyá ìkòkò ti là. Bóyá ọmọ kò pọnmi mọ́. Tàbí kí olè máa wá bu omi lóru. Ẹni tó bá sáré ra ìkòkò tuntun láì bèèrè, ṣebí olè yóò tún bu omi inú rẹ̀ lọ? Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a bèèrè.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: ǹjẹ́ bátìrì náà dára? Ẹ kọ́kọ́ wo orí rẹ̀ méjèèjì. Bí wọ́n bá mì, ẹ fún wọn le. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun lórí wọn, ẹ tú wọn, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó so wọ́n padà. Ìdọ̀tí yìí nìkan lè sé iná mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wò ó ní òwúrọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá sọ pé 12.6, bátìrì kún. Bí ó bá jẹ́ 12.2, ó ku bí ìdajì. Bí kò bá tó 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ gbé e lọ ṣájì kí ó kún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láì so ó mọ́ ọkọ̀. Bí ó bá tún lọ sílẹ̀ gidigidi, ìkòkò ti là nìyẹn. Ìgbà náà ni kí ẹ ra òmíràn.

Ìbéèrè kejì: ǹjẹ́ ẹ̀rọ ń pọnmi? Ẹ ṣíná, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ tún fi mítà sórí bátìrì. Ó yẹ kí ó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí ó bá dúró sí 12, tí ó sì ń lọ sílẹ̀, alternator kò ṣiṣẹ́. Ẹ má tíì bínú sí i. Ẹ wo bẹ́líìtì tí ń yí i. Bí ó bá dẹ̀ tàbí tí ó ti já, kò lè yí i dáadáa. Ẹ wo iná pupa kékeré tó wà níwájú awakọ̀. Ó yẹ kí ó tàn bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì kú bí ẹ́ńjìnì bá ti dìde. Bí kò bá tàn rárá, gílóòbù rẹ̀ lè ti jó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, gílóòbù kékeré yẹn ló ń jí alternator. Bí mítà bá sì kọjá 15, omi ti pọ̀ jù. Yóò hó omi inú bátìrì gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣájì. Láyé ọkọ̀ tó ń lo dáínámò ni àwọn bàbá wa kọ́ àṣà yẹn. Alternator kì í ṣe dáínámò. Ó lè bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè kẹta: ta ni olè? Ẹ pa gbogbo iná, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ tú wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì. Ẹ fi gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì sáàárín wáyà dúdú náà àti orí bátìrì tó ti kúrò. Bí gílóòbù bá tàn, nǹkan kan ń mu iná. Ẹ wá máa yọ fíúsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá yọ, tí gílóòbù sì kú, ọ̀nà olè nìyẹn. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ tí kò kú, bóyá alternator fúnra rẹ̀ ló ń jò. Ẹ gbé e fún rìwáyà.

Báyìí la ṣe mú olè tiwa. Iná inú búùtù ni. Bí a bá pa búùtù dé, kì í kú, ojú kò sì lè rí i. Wáàtì 5 péré ni. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 5, ó lè mu nǹkan bí ámpù 50 fún wákàtí kan, bátìrì wa kò sì ju 60 lọ. Bátìrì tí a bá ń jẹ́ kí ó gbẹ léraléra kì í pẹ́ kú. Bátìrì méjì la fi sanwó gílóòbù kékeré kan. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ẹ ṣọ́ra o. Omi inú bátìrì ń jó awọ ara, ó sì ń fọ́ ojú. Afẹ́fẹ́ tó ń ti inú rẹ̀ jáde lè gbiná, nítorí náà ẹ má ṣe mu sìgá tàbí gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Wáyà dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Òun náà ni kí ẹ so kẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ ti lè ka nọ́ńbà ojú mítà fúnra yín. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ lọ ra bátìrì, ẹ dá a lóhùn pé: “Jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí mítà wí.” Kí ọkọ̀ wa má ṣe já wa kulẹ̀ ní òru tí aláìsàn ń dúró. Okun o!